Ohùn bàbá mi há fún oṣù mẹ́rin, a rò pé òtútù ni

Ọmọ Aláàdìrẹ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àdìrẹ ni bàbá mi ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ohùn wọn há láti ìgbà ọyẹ́. Orógbó, oyin, omi ewúro, kò sí èyí tí a ò lò. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ọ̀fun wọn, wọ́n gé ẹran bíńtín lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ gògóńgò ni. Wọ́n ní àfi kí wọ́n yọ gògóńgò náà pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú rẹ̀, báwo lẹ ṣe ń bá èèyàn yín sọ̀rọ̀?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá wọn sí.

Àlàbí: Ṣé bàbá máa ń mu sìgá?

Ìyàwó Awakọ̀: Àlàbí, ìyẹn kọ́ ló bi wá.

Ọdún kẹta tí wọ́n ti yọ gògóńgò ọkọ mi rèé. Ihò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn ni wọ́n fi ń mí. Bí wọ́n bá ń wẹ̀, a máa ń bò ó kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Wọn ò gbóòórùn dáadáa mọ́: ọbẹ̀ jóná, wọ́n jókòó tì í. Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún jù.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ti ọrùn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé igbá wá, mo ka igba náírà lé wọn lọ́wọ́.

Ọmọ Àyàn: Áà! Gángan ń sọ ohùn láìsí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yẹn ń sọ ọ̀rọ̀ láìsí ohùn.

Àlàbí: Ó ti pọ̀ jù. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣé a kì í gbọ́ ara wa ni?

Ìyàwó Awakọ̀: Nínú ilé, a ń gbọ́. Lórí fóònù ńkọ́?

Bọ̀dá Ìlọrin: Fáàfù kékeré kan tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá sínú ọ̀fun ni wọ́n fi sáàárín ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ọ̀nà oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á fi ìka dí ihò ọrùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ohùn náà nípọn, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti ẹ̀rọ lọ.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì: Sìgá ló ń fà á jù lóòótọ́, ọtí líle tún ń dá kún un. Ṣùgbọ́n mo ti tọ́jú ẹni tí kò fẹnu kan sìgá rí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ nìkan lè tó: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje, gògóńgò á sì wà níbẹ̀.

Ìyàwó Awakọ̀: Bí wọ́n bá fẹ́ fún wọn ní ọ́síjìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ọrùn ni o, kì í ṣe imú. Níbì kan, imú ni wọ́n gbé e lé fún ọkọ mi. Èmi ni mo pariwo.

Ọmọ Àyàn: Ọmọ Aláàdìrẹ, gba ohùn bàbá sílẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Ọmọ Aláàdìrẹ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tán ni. Mo ní kí wọ́n kì mí. Ohùn ń já, wọ́n ń mu omi, wọ́n ń padà sí i. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Ìyá Ìbejì: Fi pamọ́ síbi méjì o. Fóònù máa ń sọnù.