Ṣé egungun ìdí eyín tó ti jẹ lọ tún lè hù padà?

Abdulgafar, Ìbàdàn:
Mo kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìtọ́jú eyín. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àrùn erìgì ti ń bá mi fínra. Wọ́n ti họ ìdọ̀tí tó le mọ́ ìdí eyín mi kúrò, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde mọ́ bí mo bá ń fọ ẹnu, ṣùgbọ́n ihò kan tó jìn tó mìlímítà 7 ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ńlá kan nísàlẹ̀, X-ray sì fi hàn pé egungun ti jẹ lọ níbẹ̀. Oníṣègùn mi ní òun lè ṣí erìgì náà, kí òun fi jẹ́ẹ̀lì kan sí ara gbòǹgbò eyín láti mú egungun hù. Ṣé ó ṣeé ṣe lóòótọ́? Mo sì kà á pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un jáde; Mùsùlùmí ni mí.

Oníṣègùn Eyín:
Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Lẹ́yìn tí a bá ti nu ihò náà mọ́, awọ òkè erìgì máa ń yára hù ju egungun lọ. Bó bá ṣáájú wọ inú ihò, yóò bo gbòǹgbò, kò sì ní í sí àyè mọ́ fún egungun tàbí fún àwọn okùn tín-ín-rín tó so eyín mọ́ ọn. Melcher, olùwádìí nípa erìgì, ti là á sílẹ̀ ní 1976 pé irú sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ gba ojú gbòǹgbò ni yóò pinnu irú ìwòsàn tí yóò wáyé. Iṣẹ́ èròjà amúdàgbà, ìyẹn prótéènì tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dàgbà, ni láti pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a ń fẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì máa pọ̀ sí i.

Emdogain ni ẹ kà nípa rẹ̀: prótéènì inú eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì hù tán ni. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà. Ní 2005 ni FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí GEM 21S, tí èròjà amúdàgbà PDGF inú rẹ̀ bá ti ènìyàn mu, tó sì jẹ́ pé ìwúkàrà ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn ará Japan náà fọwọ́ sí Regroth ní 2016, èyí tí èròjà amúdàgbà mìíràn, FGF-2, wà nínú rẹ̀. Bákítéríà ni wọ́n fi ń ṣe tiẹ̀, wọn kì í sì í lò ó fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹnu.

Ìyá Àyọ̀, London:
Mo ń ran oníṣègùn erìgì lọ́wọ́ níbí. Ẹ bi dókítà yín bí ihò náà ṣe rí kí ẹ tó sanwó. Bí egungun bá kàn wálẹ̀ lọ́gbọọgba yí eyín ká, bí ògiri alámọ̀ tí òjò ti fọ orí rẹ̀ lọ, kò sí jẹ́ẹ̀lì tí yóò gbé e dìde. Ihò tóóró tó jìn, tí egungun ṣì yí i ká lọ́nà mẹ́ta, ni ó máa ń dáhùn dáadáa. Bí ẹ bá ń mu sìgá, tàbí tí àtọ̀gbẹ yín kò lọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mójú tó ìyẹn.

Abdulgafar, Ìbàdàn:
Ẹ ṣeun. N kì í mu sìgá. Ẹnìkan ní kí n jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀jẹ̀ ara mi dípò.

Oníṣègùn Eyín:
PRF nìyẹn, tí dókítà Choukroun bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 2001. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ̀rọ á yí i kíákíá láìsí oògùn adènà dídì, wọ́n á sì mú èyí tó dì sínú ihò náà. Èròjà amúdàgbà wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ láti ara ẹnìkan sí èkejì. Lójú tèmi, ó bá yín mu, kò sì wọ́n tó àwọn yòókù. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síbẹ̀ ni BMP-2, prótéènì kan tó ń mú egungun dàgbà. Ó lágbára láti mú egungun hù, ṣùgbọ́n lára ẹranko, ó ti mú kí gbòǹgbò lẹ̀ mọ́ egungun láìsí okùn kankan láàárín wọn. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki irin ìwọn-ihò bọ̀ ọ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé.