Ta ni kí n fi ṣáájú nínú ìtàn yìí?
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ sọ ìtàn Charles Goodnight, ọlọ́sìn màlúù ní Texas, fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Lọ́dún 1866, òun àti Oliver Loving, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, da màlúù la aṣálẹ̀ tí kò lómi kọjá dé Fort Sumner, ibùdó ológun kan ní New Mexico. Ṣùgbọ́n Bose Ikard ló gbà mí lọ́kàn jù: adúláwọ̀ tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, tó wá di darandaran tí Goodnight fọkàn tán débi pé ó ń fi owó pamọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣé kí n fi Ikard ṣáájú ni? Báwo ni kí n sì ṣe sọ ti ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Comanche, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, fún ọmọdé? Mi ò fẹ́ fò ó rárá.