Kí ni tèmi nínú ìpàdé omi abẹ́ ilẹ̀?

Aláró Ọ̀tà-Ẹ̀fun: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń rẹ ní Ọ̀tà-Ẹ̀fun, ní Òṣogbo, kànga sì ni mo gbójú lé. Tó bá di oṣù kejì, ẹrẹ̀ ni dọ́rọ́ ń gbé wá, àwọn aládùúgbò sì ń gbẹ́ bohóòlù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àwọn fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòṣe omi abẹ́ ilẹ̀, láti fi mọ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, pé kí n wá sí ìpàdé wọn. Kí ni kí n lọ sọ?

Onímọ̀ Ilẹ̀: Ẹ lọ, Mà. Àpáta ló wà lábẹ́ Òṣogbo. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí rẹ̀ àti ibi tó ti sán lomi ń sá pamọ́ sí. MODFLOW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe irú àwòṣe bẹ́ẹ̀, tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, gbé jáde ní 1984, kò lè mọ̀ pé ẹ̀ ń fami láàárọ̀ àfi tí ẹ bá sọ fún un.

Agbẹ́kànga: Àwa la mọ ibi tí irin ti kan àpáta. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ọ́, kí wọ́n wá fi gba owó orí?

Aláró Ọ̀tà-Ẹ̀fun: Ẹ̀yin náà! Màá lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà á kọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò rí èsì àwòṣe náà ná. Wọn ò sì gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi omi kànga tó bá bàjẹ́ ru omi sóódà tí àwa aláró ń dà nù; ṣáláńgá náà wà nítòsí kànga.