Ọlọ́pàá tú ọkọ̀ tí èmi àti àbúrò mi jọ ń lò: ṣé mo lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní kóòtù?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń lo Camry kan. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé ọkọ̀, àmọ́ mo ní kọ́kọ́rọ́ tèmi, èmi ni mo sì ń san ìnṣọ́ránsì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá dá àbúrò mi dúró, wọ́n ṣí bùùtù láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tú àpò ańkárá tí mo gbà níbi ìgbéyàwó. Tramadol tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí ló wà níbẹ̀, láìsí ìwé dókítà. Èmi tí mo wà níbi iṣẹ́ ni wọ́n wá fẹ̀sùn kàn!

Lọ́yà mi ní agbẹjọ́rò ìjọba máa tọ́ka sí ẹjọ́ Rakas, tí Kóòtù Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá lọ́dún 1978: ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ lórí ọkọ̀ kò lè tako bí wọ́n ṣe tú u. Mo ka ẹjọ́ Byrd, tí kóòtù yẹn kan náà dá lọ́dún 2018, tó ran awakọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé tí wọ́n fi háyà ọkọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Byrd ló ń wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú ẹ̀ rí, kí ni kí n kó síwájú adájọ́? Ṣé rìsíìtì ìnṣọ́ránsì tó? Àpò tó jẹ́ tèmi ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi nítorí oògùn. Màmá mi ti bú mi tó.