Update Windows 11 ń dé ìdajì, ó ń padà sẹ́yìn: kí ni kí n ṣe?

Àṣàkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Windows 11 Home, ẹ̀dà 23H2, ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo sì fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀dà tuntun, 25H2. Ó máa ń dáńlóòdù tán. Àmọ́ bó bá ti ń fi í sórí ẹ̀rọ dé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, á kọ "Undoing changes made to your computer", á sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ọ̀dù àṣìṣe tó ń kọ ni 0x80070070. SSD rẹ̀, ìyẹn díìsìkì inú rẹ̀, jẹ́ 128 GB, àyè tó kù lórí C ò ju 7 GB lọ, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 8 GB. Dátà tí wọ́n ń wọ̀n ni mò ń lò, gbogbo ìgbà tó bá padà sẹ́yìn ni dátà ń ṣòfò. Ẹnì kan ní kí n kúkú pa update pátápátá. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀?

Àlàdé:
Ẹ má pa á o. Ohun tó ń ṣe é kò le. Ẹ wo kọ́ọ̀dù yẹn dáadáa: 0070 tó gbẹ̀yìn lọ̀rọ̀ wà, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé díìsìkì ti kún. 7 GB kò lè gba iṣẹ́ yìí. Láti 23H2 sí 25H2, odidi Windows tuntun ni yóò kọ́kọ́ kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ kó tó pààrọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti wà lórí 24H2 ni tiẹ̀ ń fúyẹ́, torí ìpìlẹ̀ kan náà ni 24H2 àti 25H2 jọ ń lò. Ẹ wá àyè 25 GB kí ẹ tó tún gbìyànjú. 20 lè tó, àmọ́ 25 ló fọkàn ẹni balẹ̀.

Ẹ lọ sí Settings, System, Storage, Temporary files, kí ẹ ní sùúrù títí yóò fi kà á tán. Ẹ fi àmì sí Windows Update Cleanup, Delivery Optimization Files àti Recycle Bin. Ẹ má fi àmì sí Downloads láìyẹ̀ ẹ́ wò: ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kó síbẹ̀ ni yóò pa rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ Start, ẹ mú Terminal (Admin), ẹ wá kọ:

powercfg /h off

Fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys yóò kúrò. Lórí RAM 8 GB, ó lè dá bíi 3 GB padà fún yín. Tí ẹ bá tún fẹ́ hibernate (pípa ẹ̀rọ láìjẹ́ kí iṣẹ́ tó wà lójú rẹ̀ sọnù) lọ́jọ́ iwájú, powercfg /h on ló ń dá a padà. Fọ́tò àti fídíò ni kí ẹ kó sórí díìsìkì ìta tí àyè bá ṣì kù díẹ̀.

Ìyá Dúró:
Àǹfààní kejì wà nínú powercfg yẹn: ó ń pa Fast startup náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá ti tẹ Shut down lálaalẹ́, kọ̀ǹpútà ti kú tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tí Fast startup bá wà. Ó máa ń gbé ọkàn Windows pa mọ́ sínú hiberfil.sys yẹn, bí ẹ bá sì tàn án láàárọ̀, ohun àná ló ń gbé jáde. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ lọ sí Performance, CPU, kí ẹ wo "Up time" nísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pa lálaalẹ́ lè kọ 41:06:12:30 síbẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 41 láìbẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí update bá ń dúró de ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, Restart ni kí ẹ tẹ̀.

Àjàní:
Ní ti ẹni tó ní kí ẹ pa update: ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017 ni Microsoft gbé àtúnṣe MS17-010 jáde. Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ WannaCry bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì àwọn èèyàn pa kárí ayé, ihò tí àtúnṣe yẹn ti dí ló sì ń gbà wọ inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn. Nǹkan bí oṣù méjì ni àtúnṣe fi wà nílẹ̀ kí ìjàǹbá tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Microsoft kò ti ṣe àtúnṣe ààbò fún 23H2 Home mọ́, nítorí náà ẹ ti wà láìní ààbò báyìí.

Bó bá jẹ́ dátà ló ń dùn yín, ẹ lọ sí ibi Wi-Fi nínú Settings, ẹ tẹ orúkọ nẹ́tíwọ́kì yín, ẹ tan Metered connection. Windows kò ní dédé máa fa èyí tó pọ̀ jù nínú update mọ́. Ẹ tún lè lo Pause updates, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gùn mọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni àtúnṣe ààbò ń jáde. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé tuntun lè ní àléébù, kó dúró ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbà á. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo wí o, kì í ṣe oṣù mẹ́ta.

Mọnísọ́lá:
Kí dátà má baà ṣòfò mọ́, ẹ dáńlóòdù ISO Windows 11, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tó kó odidi Windows sínú, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ojú ewé Microsoft. Ó ju 5 GB lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ rèé: fláàṣì tó bá wà lórí FAT32 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì; NTFS ni òmíràn) kò lè gba fáìlì kan tó ju 4 GB lọ, bí àyè 32 GB bá tiẹ̀ ṣófo lórí rẹ̀. Ẹ kó ohun tó wà lórí fláàṣì kúrò, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí NTFS, orí rẹ̀ ni kí ISO wà kó má baà jẹ àyè C tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bí nẹ́tíwọ́kì bá já láàárín, fáìlì lè bàjẹ́ kí ẹ má mọ̀. Ẹ kọ Get-FileHash sí Terminal pẹ̀lú àdírẹ́sì fáìlì náà, ẹ wá fi èsì rẹ̀ wé èyí tó wà lójú ewé tí ẹ ti gbà á.

Ẹ tẹ ISO lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, ẹ tẹ setup. Ẹ tẹ "Change how Setup downloads updates", ẹ mú "Not right now" kó má lọ fa dátà. Kí ẹ tó tẹ Install, ẹ rí i dájú pé "Keep personal files and apps" ló kọ síbẹ̀. Bó bá kọ "Nothing", ẹ dúró.

Àṣàkẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Àyè ti di 27 GB. Ṣùgbọ́n update kékeré kan tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ ń kọ 0x80073712. Ṣé kí n kọ́kọ́ yanjú ìyẹn?

Àlàdé:
Ìyẹn ń sọ pé ilé ìṣúra tí Windows ti ń mú fáìlì rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí a ṣe ń tún un ṣe nínú Terminal (Admin) nìyí:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth
sfc /scannow

Ẹ má yí wọn po. Inú ilé ìṣúra yẹn ni sfc ti ń mú ohun tó fi ń tún ẹ̀rọ ṣe, DISM ló sì ń tún ilé ìṣúra fúnra rẹ̀ ṣe. DISM lè dúró sí 62.3% fún ìṣẹ́jú 20 bí ẹni pé ó ti kú. Ẹ má pa á.

Mọnísọ́lá:
Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n Àlàdé, àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni DISM ti ń wá ohun tó sọnù, dátà náà ni. ISO tó wà lọ́wọ́ wọn yóò pààrọ̀ gbogbo ilé ìṣúra yẹn. Ní tèmi, kí wọ́n tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ISO ná, bó bá tún kọ̀ ni kí wọ́n lo DISM.

Àlàdé:
Mo gbà. Fún ẹni tó ti ní ISO lọ́wọ́, tiyín ló kúrú jù.

Ìyá Dúró:
Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí Settings, Privacy & security, kí ẹ wo Device encryption, ìyẹn ohun tó ń ti fáìlì inú díìsìkì pa. Bó bá wà ní títàn, ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín lórí fóònù, ẹ da recovery key onínọ́ńbà 48 kọ sórí ìwé. Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà á béèrè rẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ báyìí, ẹni tí kò bá sì ní i kò ní rí fáìlì rẹ̀ mọ́. Ẹ yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti díìsìkì ìta (àmọ́ kì í ṣe fláàṣì tí ISO wà lórí rẹ̀), ẹ fi ṣájà sí i, kí bátìrì náà sì kún. Bójú ẹ̀rọ bá dúdú, tí òǹkà rẹ̀ dúró lójú kan, ẹ má di bọ́tìnì iná mú. Tí iná díìsìkì bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ.

Bó bá tán, ẹ tẹ Windows+R, ẹ kọ winver, yóò fi 25H2 hàn yín. Fódà Windows.old yóò ti gba àyè tó pọ̀ lórí C, á sì ṣe yín bíi pé kí ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tíì ṣe é. Òun lẹ fi lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ 10. Ẹ kọ́kọ́ dán Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà àti ìtẹ̀wé wò. Bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́, ẹ padà sí Temporary files, ẹ fi àmì sí Previous Windows installation(s).