"Àhámọ́" tàbí "àkìpọ̀"? Orúkọ tó yẹ ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé apá rẹ̀ sókè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú làálàá ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta yìí wá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bá wa, èmi ni mo béèrè lọ́jọ́ Ajé pé kí ni ká máa pe ẹ̀rọ tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú rọ́bà ló ń mú un ṣiṣẹ́, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "pneumatic". Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló bi mí nígbà tí a jọ ń kan ẹ̀rọ awalẹ̀ kan pọ̀ nílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú àwọn búlọ́ọ̀kù ike LEGO. Mo lanu, n kò rí nǹkan kan sọ. Ó dùn mí, torí ọmọ tó bá bi ọ̀rọ̀ báyìí lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí ìdáhùn, lẹ́ẹ̀kẹta Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi bi í.

Ẹ dáhùn, ẹ ṣeun. Bàbá wa tó kọ̀wé láti Ìlọrin ní ká pè é ní "ẹ̀rọ alátẹ́gùn". Ẹ̀gbọ́n wa tó gbọ́ èdè Gíríìkì ní "ẹ̀rọ eléèémí". Àbúrò wa obìnrin tó jẹ́ ẹnjiníà n'Íbàdàn ní "ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àhámọ́", ó sì ní kí èyí tó jẹ́ pé epo tí a há mọ́ inú rẹ̀ ló ń gbé apá rẹ̀ sókè, tí Òyìnbó ń pè ní "hydraulic", máa jẹ́ "ẹ̀rọ epo àhámọ́", kí méjèèjì lè jọ ara wọn bí ìbejì. Púpọ̀ nínú yín ti tẹ̀ lé àbúrò wa. Èmi náà fẹ́ tẹ̀ lé e, àmọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn lálẹ́ àná kò jẹ́ kí n lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà níwájú mi lórí tábìlì. Ẹ̀rọ awalẹ̀ yìí kò tóbi ju ìgò ọtí mẹ́ta tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Ọ̀pá ike oníhò ni ara rẹ̀, èèkàn kéékèèké la sì fi ń so àwọn ọ̀pá náà mọ́ra. (Mo dúró lórí "èèkàn" o. Ẹni tó ní ká máa pè é ní ìṣó ò tíì fà á yọ rí: ìṣó ń dá ihò tirẹ̀ lu ni, èèkàn yìí bá ihò nílẹ̀ ni.) Apá rẹ̀ ní oríkèé mẹ́ta, sílíńdà kan (ike gbọọrọ tó nínú, tí ọ̀pá kan ń rìn wọlé rìn jáde nínú rẹ̀) sì wà níbi oríkèé kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà ló ti ara pọ́ǹpù kan wá. Nígbà tó bá dé ibi tí yóò ti pín, a fi ike kékeré kan là á sí méjì. "Oríta" lọmọ mi pe ike yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, mo sì rò pé ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ pọ́ǹpù. Orí rẹ̀ wọlé, sípíríǹgì inú rẹ̀ tì í jáde padà. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, apá ẹ̀rọ náà ò mira. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó gbọ̀n díẹ̀. Lẹ́ẹ̀karùn-ún ó kàn fò dìde lójijì, garawa ẹnu rẹ̀ sì da gbogbo ìrẹsì tí a bù sí i sórí ẹní. Mo wá fi ìka kan tẹ apá náà sílẹ̀. Ó wálẹ̀ díẹ̀. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún padà sókè, bí ìgbà téèyàn tẹ taya kẹ̀kẹ́ tó kún dáadáa.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà fún mi. Ẹ̀rọ awalẹ̀ gidi, èyí tí ẹ ń rí níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà, kì í fò báyẹn. Epo ló wà nínú sílíńdà tiwọn. Bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá díẹ̀, apá rẹ̀ á rìn díẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, apá náà á dúró síbi tó wà, ẹ kò sì lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà, apá kan náà, sílíńdà tó jọra, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀ pátápátá.

Kó lè yé ọmọ náà, mo mú sírínjì méjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Mo fa omi kún ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú. Mo ní kó fi ìka dí ẹnu wọn, kó wá tì wọ́n. Èyí tí omi wà nínú rẹ̀ kò gbà fún un rárá, bí ẹni ti ògiri. Èyí tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ gbà, ó rìn wọlé dé nǹkan bí ìdajì, ó sì ta á lọ́wọ́ padà nígbà tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Omi àti afẹ́fẹ́, a há méjèèjì mọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan la rí kì.

Ìdí tí n kò fi lè gba "àhámọ́" nìyẹn, àbúrò mi. Orúkọ rẹ dára létí, ó sì ṣe kedere ju ti àwa tó kù lọ, àmọ́ ohun tí epo àti afẹ́fẹ́ jọ ní nìkan ló sọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ló yẹ kí orúkọ gbé jáde. Ọmọ tó bá gbọ́ "afẹ́fẹ́ àhámọ́" àti "epo àhámọ́" yóò rò pé ohun tó wà nínú ike nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀. Kò ní mọ̀ pé ọ̀kan ń sún kì, tí èkejì kì í sún kì.

Ohun tí mo fẹ́ ká gbé yẹ̀wò ni "afẹ́fẹ́ àkìpọ̀", kí ẹ̀rọ náà sì máa jẹ́ "ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àkìpọ̀".

Ẹ wo ọdẹ tó ń ki ìbọn ṣakabùlà. Ó da ẹ̀tù sínú ọ̀pá ìbọn, ó ti ọ̀pá gbọọrọ bọ ẹnu rẹ̀, ó ń fi í kì í títí nǹkan inú rẹ̀ yóò fi dì mọ́ra. Ohun gbọọrọ tó nínú, ọ̀pá tó ń rìn wọ inú rẹ̀, àti nǹkan tí à ń fún mọ́ ara rẹ̀ títí agbára yóò fi wà nínú rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló wà nínú pọ́ǹpù tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀tù fẹ́ iná kó tó dún, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ iná. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà ni mo ń tọ́ka sí. "Kì" ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́, ìyá tó ń ki ẹ̀wà sínú àpò mọ̀ ọ́n, bàbá tó ń ki tábà sínú ìkòkò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ "kì" yóò rò ó sí oríkì. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ "àkì" lásán la pè é. "Pọ̀" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kì í ki èèyàn pọ̀. Ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ mu: àkópọ̀, àdìpọ̀, àsopọ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti ṣe é bí "akóyọyọ" àti "amúlétutù", kó jẹ́ a-kì-afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí fáwẹ̀lì bá jẹ ara wọn tán, "akafẹ́fẹ́" ló kù. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á rò pé ẹ̀rọ náà ń ka afẹ́fẹ́ ni. Mo jù ú nù.

Fún ti epo, "ẹ̀rọ afepotì" tó mi. Epo la fi ti nǹkan, kò sẹ́ni tó kì í. Ẹni tó bá ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá, mi ò rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin bàbá wa ní Ìlọrin, ẹ má bínú sí mi. "Alátẹ́gùn" dùn, ṣùgbọ́n ilé tó fojú sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn la máa ń jáde lọ gbà níta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Èyí tó wà nínú rọ́bà yìí kò jáde lọ síbì kankan, bó bá sì jáde, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní àná gan-an, rọ́bà kan kò wọlé dáadáa níbi oríta, a ń gbọ́ "ṣììì" bí ejò nínú koríko, apá ẹ̀rọ sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A wá a títí kí a tó fi omi ọṣẹ bá ibi tó ti ń jò, bí fọkanáísà ṣe ń wá páńṣà.

Ti ẹ̀gbọ́n wa tó gbọ́ Gíríìkì ló gbà mí lákòókò jù, torí ó jinlẹ̀. Òótọ́ ni pé "pneuma" tó bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà túmọ̀ sí ẹ̀fúùfù, èémí àti ẹ̀mí pọ̀, òun náà ló sì wà nínú Májẹ̀mú Tuntun ti èdè Gíríìkì níbi tí àwa ti ń ka Ẹ̀mí Mímọ́. Ó dùn mọ́ mi pé Yorùbá náà so èémí mọ́ ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé ti ń kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ohun aláìlẹ́mìí. Bí a bá wá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ yìí jẹ́ eléèémí, inú ohun ẹlẹ́mìí ni wọn yóò kó o sí, pẹ̀lú ewúrẹ́ àti igi ọsàn. A kò jẹ Gíríìkì ní gbèsè kankan tí a fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí wọ́n gbà. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni kí á fi sọ ọ́ lórúkọ.

Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí ọ̀nà tiwọn àti tiwa pàdé. Ọ̀pá tó ń rìn nínú sílíńdà, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní pístìn, ará Ítálì ló kọ́kọ́ ni orúkọ náà, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí á gún nǹkan. Ọmọ odó ni wọ́n rí nínú rẹ̀! Nítorí náà, ẹni tó ní ká máa pè é ní "ọmọ odó" kò ṣàṣìṣe rárá, mo sì fara mọ́ ọn. Mẹkáníìkì lè máa sọ pístìn tirẹ̀ lọ.

Fáàfù kékeré tí a fi ń darí afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ibi mẹ́ta ni ọ̀pá orí rẹ̀ lè wà. Bó bá dúró sí àárín, ohunkóhun kò wọlé, ohunkóhun kò jáde. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, afẹ́fẹ́ á gba ìdí sílíńdà wọlé, tòkè á sì rọ́nà jáde. Bí a bá fà á sẹ́yìn, ó di ìdàkejì. Mo gbà pé "oníbodè" ni. Ìyá wa tó mú un wá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín.

"Ẹwìrì" fún pọ́ǹpù ni mo ṣì ń rò. Nínú àgbẹ̀dẹ, ọmọ tó ń fín iná yóò di ọ̀pá méjì mú, yóò máa tẹ awọ tó bo ẹwìrì lọ́tùn-ún lósì, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú ihò amọ̀ lọ bá iná láìdáwọ́ dúró. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn jọra. Àmọ́ iná ẹwìrì ń jẹ afẹ́fẹ́ náà bó ṣe ń dé ni, kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀. Fọkanáísà tó ń fẹ́ taya ló sún mọ́ ti LEGO jù. N kò tíì pinnu.

Ó ku ibì kan tí orúkọ mi ti ń tiro, kí n má fi pamọ́. LEGO, ilé iṣẹ́ tó wà ní Billund ní Denmark, bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwọn ẹ̀yà afẹ́fẹ́ yìí ní 1984. Ihò kan ṣoṣo ni sílíńdà ìgbà yẹn ní. Wọ́n ń ti afẹ́fẹ́ sí i kó lè gùn, wọ́n sì ń fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú rẹ̀ kó lè kúrú. 1989 ni èyí tó ní ihò méjì dé, tó jẹ́ pé títì ló ń gùn, títì náà ló ń kúrú. Fún ti 1984, ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kíkì, fífà ni. Bí a bá sì wò ó dáadáa, kì í tilẹ̀ ṣe fífà: bí inú rẹ̀ bá ti ṣófo, afẹ́fẹ́ òde, èyí tó yí gbogbo wa ká, ló ń ti ọmọ odó wọlé. Afẹ́fẹ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò kì í. "Àkìpọ̀" kò dé ibẹ̀, mo gbà.

Ní 1970, Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo ń rántí wọn ní gbogbo ìgbà tí a bá ń jiyàn báyìí, torí wọn kò dúró kí gbogbo ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n tó wọ kíláàsì.

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí a dí ibi tó ń jò, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pọ́ǹpù. Mo ti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́jọ, apá ẹ̀rọ ti dé òkè pátápátá, mi ò sì tíì dáwọ́ dúró. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. "Dádì, ẹ má kì í mọ́ o," ló wí, "rọ́bà á yọ."