Ọyẹ́ ti dé s'Ákùúrẹ́: ṣé a ṣì lè gun Òkè Ìdànrè?

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti dé láti Kánádà. Wọ́n ní yìnyín làwọ́n sá fún, àmọ́ ètè wọn ti ń bẹ́, wọ́n sì ń gbọ̀n láàárọ̀ ju èmi onílé lọ! Òrí la fi ń pa á, ìyẹn ò le.

Òkè Ìdànrè ni wọ́n fẹ́ ká gùn, ọmọ wọn sì ní ikọ́ fée. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, eruku tí ọyẹ́ ń gbé bọ̀ láti Sàhárà sì ti bo òkè náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, ìgbà wo lójú ọjọ́ máa ń mọ́ díẹ̀? Ṣé ìbòmú á tó fọ́mọ yìí, àbí ká fi sílẹ̀ di ọdún mìíràn?